Ṣé kí n ṣe àyẹ̀wò fún ọmọ mi kejì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìbàdàn níbí ni mò ń gbé. Ìyá mi ní rheumatoid arthritis, ìyẹn irú làkúrègbé tí àwọn ọmọ ogun ara ń gbógun ti oríkèé ara fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin mi àgbà sì ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń ba ibi tí ínsúlíìnì (oje tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀) ti ń wá jẹ́, ó sì ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì.

Mo ti kà pé àjogúnbá so àìsàn méjèèjì pọ̀ díẹ̀, nípasẹ̀ àwọn jíìnì kan (ohun inú ara tí a ń jogún lọ́wọ́ òbí) tó ń darí àwọn ọmọ ogun ara: àwọn jíìnì HLA kan àti irú jíìnì PTPN22 kan tí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí ní 2004, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ìkẹyìn yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ará Áfíríkà. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó jogún wọn lè má ṣàìsàn láéláé.

Ara ọmọ mi kejì, tó jẹ́ ọkùnrin, le, a sì ti yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ìṣòro. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n fọkàn balẹ̀. Dókítà kan ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn wà tó lè fi hàn, kí ṣúgà tó gòkè, bóyá ara ti ń ba ibi tí ínsúlíìnì ti ń wá jẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ó yẹ kí n ṣe àyẹ̀wò yẹn fún un nísinsìnyí, àbí kí n kàn máa ṣọ́ àmì àìsàn?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.