Abẹ́rẹ́, àbẹ́là àti etí wa: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 17, wá kí mi lánàá. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ọmọ yìí, abẹ́rẹ́ lásán ló fi lu etí ara rẹ̀, kò tiẹ̀ pẹ́ rárá." Mo tú gèlè mi, mo yí etí ọ̀tún sí i. Ó dákẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé etí náà ká, àmọ́ kò gbọ́ ohun tó ká a rí. Mo wá ní kí n kọ ọ́ síbí, kí n fi ránṣẹ́ sí i, kí ẹ̀yin náà bá mi fi tiyín kún un.

Kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ló fà á. Wọ́n ti Èkó pa lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta, onídìrí ò ṣílẹ̀kùn, obìnrin tó máa ń lu etí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wa ò jáde, èmi náà jókòó sílé láìríṣẹ́ ṣe. Ihò kọ̀ọ̀kan ni mo ní láti kékeré, mo wá fẹ́ ìkejì. Aránṣọ ni màmá mi, abẹ́rẹ́ ò wọ́n wa. Mo mú ọ̀kan, mo jó o lórí àbẹ́là títí ó fi pọ́n, mo fi yìnyín ra etí títí mi ò fi mọ̀ ọ́n lára mọ́, mo gé ọ̀dùnkún tì í lẹ́yìn kí abẹ́rẹ́ lè rí ibi gún wọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ihò yẹn ṣọyún díẹ̀, ó sì jinná. Jíjinná tó jinná yẹn gan-an ló kó bá mi, torí ó kì mí láyà.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gòkè. Òkè etí níbi tó le yẹn. Ó dún "kẹ̀rẹ̀" nínú orí mi bí ìgbà tí èèyàn ń rún eegun adìẹ. Abẹ́rẹ́ há sí agbedeméjì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo tì í, kò lọ, mo fà á, kò bọ̀, mo wá fi gbogbo ara tì í.

Ọjọ́ kẹta, ó gbóná. Ọjọ́ karùn-ún, ó ti pọ́n bí ata rodo, ó wú títí ó fi yọ síta kúrò lára orí mi, mi ò lè fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀. Mi ò lọ sọ́sibítù torí ẹ̀rù kòrónà ń bà mí. Sípírítì ni a fi ń nù ún láàárọ̀ àti lálẹ́, a tún já kápúsù ámpíkílọ́ọ̀sì, a da lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sójú egbò. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ìsàlẹ̀ etí ò wú rárá, òkè nìkan ni. Nígbà tí mo jàjà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní ìyẹn gan-an ni òun fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé: kòkòrò ti wọ awọ tó bo eegun etí. Wọ́n là á, ọyún tú jáde, wọ́n fún mi ní sípírò, oògùn apakòkòrò, lò. Egbò jinná, etí ò padà sípò. Òkè rẹ̀ wó wọnú, ó ká bí ewé tí iná rà. Láti ìgbà náà, gèlè ni.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Etí tèmi kọ́, etí àwọn ọmọ mi ni.

Lọ́jọ́ ìkómọ, wọn ò tíì palẹ̀ abọ́ mọ́ tán tí ìyá ọkọ mi ti fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Òwú dúdú, wọ́n rì í sínú epo. Wọ́n lu ti Táyé, Táyé ké, ó dákẹ́. Ó kan Kẹ́hìndé, ọmọ yí orí. Ihò bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Títí dòní, bí Kẹ́hìndé bá wọ yẹtí, ọ̀kan á máa wolẹ̀, ìkejì á máa wo ojú títì.

Wọ́n so òwú náà ní kókó, wọ́n ní kí n máa yí i láràárọ̀, kí n máa fi òrí pa á. Nígbà tó yá, wọ́n ṣẹ́ igi ìgbálẹ̀, wọ́n fi dí ihò kó má baà pa dé. Wọ́n ní ìgbálẹ̀ tuntun ni. Ó lè jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ló wà.

Mo gbé wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6. Nọ́ọ̀sì rí igi létí ọmọ, ó pariwo. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé tẹ́tánọ́ọ̀sì lè gba ihò etí wọlé bó ṣe máa ń gba ojú ìwọ́? Ó bi mí bóyá mo gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ nínú oyún. Mo ní mo gbà á. Ó ní, "Ẹ lọ dúpẹ́." Ó wá ṣàlàyé pé èyí tí mo gbà lóyún ló ń dáàbò bo ọmọ tuntun kí tirẹ̀ tó dé, àti pé ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni wọ́n ń gún tiwọn. Ọmọ mi kẹta, mo dúró kó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì gbé e lọ sọ́sibítù. Ìyá ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ dalẹ́ ọjọ́ yẹn. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ọwọ́ wọn ló lu etí gbogbo obìnrin agbo ilé wa, ìyàwó ilé nìkan ló bọ́ síbòmíràn lu tirẹ̀.

Àgùnbánirọ̀ tẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan dá sí i.

Ọdún tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ra abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì, a lu etí òsì ara wa. Abẹ́rẹ́ kan, etí méjì. Mo lu tirẹ̀ tán, mo fi òwú onísípírítì nu abẹ́rẹ́, ó fi lu tèmi. Nígbà yẹn, ó jọ mí lójú pé a ti ṣe é mọ́ tónítóní. Ìgbà tí ẹnì kan wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ni oorun dá lójú mi. Mo lọ yẹ ara mi wò, ti éèdì àti ti mẹ́dọ̀wú. Kò sí nǹkan kan, a dúpẹ́. Àmọ́ ọjọ́ tí mo fi dúró de èsì yẹn, mi ò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́.

Mo délé, bàbá mi rí yẹtí. Wọ́n ní, "O ti di adóṣù Ṣàngó lẹ́yìn mi? Ṣé kí n lọ wá oṣé fún ẹ?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Bí oṣù 4 lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti jinná pátápátá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kókó kékeré kan yọ, kò ju hóró ìbẹ́pẹ lọ. Ó di ẹ̀wà. Kó tó pé ọdún kan, ó ti tó orógbó kékeré, ó ń dán, ó le. Kílọ́ìdì ni. Bàbá mi ní in láyà, níbi tí eéwo ti yọ wọ́n nígbà kan. Mo ti ń rí i láti kékeré, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ogún ni wọ́n ń tọ́jú dè mí.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn àdáni kan. Wọ́n gé e, wọ́n rán an, wọ́n ní kí n máa lọ. Oṣù díẹ̀ sígbà yẹn, ó padà dé, ó sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Dókítà awọ ara tí mo wá rí lẹ́yìn náà mi orí. Ó ní gígé nìkan kì í sábà tó, pé bí wọ́n bá gé e láìfi nǹkan mìíràn tì í, ó máa ń hù padà. Wọ́n tún un gé, wọ́n wá ń gún abẹ́rẹ́ sínú àpá náà fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tí agbọ́n ti ta létí rí á mọ bó ṣe ń dùn. Wọ́n tún fún mi ní yẹtí kan tó ń fún ojú rẹ̀ mọ́ra, mo ń wọ̀ ọ́ sùn. Ó ti lọ sílẹ̀ báyìí, kò tán.

Ọmọ Ìkòròdú, ẹ sọ èyí fún àbúrò yín: dókítà yẹn ní ẹni tó bá lu etí lẹ́yìn tó ti pé ọdún 11, kílọ́ìdì máa ń bá a jà ju ẹni tí wọ́n lu tirẹ̀ ní kékeré lọ. Àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ń yọ lẹ́nu jù. Kó wo ara bàbá àti màmá yín dáadáa kó tó mú abẹ́rẹ́.

Ẹ̀rù Ò Bà Mí

Ẹ ń dẹ́rù ba ọmọ lásán. Ihò 3 ni mo fọwọ́ ara mi lu, nílé, kò sóhun tó ṣe mí.

Ọmọ Ìkòròdú

Ìsàlẹ̀ etí ni gbogbo rẹ̀?

Ẹ̀rù Ò Bà Mí

Ìsàlẹ̀ ni.

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ ṣeun.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n yára sọ tèmi kí wọ́n tó pè mí.

Ìbéèrè tí ẹ bi í yẹn lọ́gbọ́n nínú. Ìsàlẹ̀ etí jẹ́ ẹran, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀, bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, ara á bá a jà. Eegun rírọ̀ tó wà lókè kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó ló ń bọ́ ọ. Bí ọyún bá wá kó jọ sí àárín àwọn méjèèjì, oúnjẹ eegun ti dí nìyẹn. Á kú, á wó, etí á ká. Nítorí náà, etí òkè tó bá gbóná tó sì wú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ámpíkílọ́ọ̀sì tí ẹ dà sí i, àbúrò mi, omi lẹ dà sẹ́yìn pẹ́pẹ́yẹ. Kòkòrò tó sábà máa ń fa irú èyí ni Pseudomonas. Ibi tó tutù ló ń gbé, inú omi, ojú ẹ̀rọ omi, kànìnkànìn tó ti pẹ́. Ámpíkílọ́ọ̀sì ò ràn án. Ìdí tí dókítà fi fún yín ní sípírò nìyẹn. Kápúsù tí a ń já sójú egbò yìí, èmi ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi, kódà wọ́n ń ṣe é nílé tiwa náà.

Iná àbẹ́là máa ń fi èédú sára abẹ́rẹ́, ẹ̀yin náà á sì tún fọwọ́ dì í mú lẹ́yìn rẹ̀. Sípírítì lójoojúmọ́ ń jó awọ tuntun tó fẹ́ hù. Omi iyọ̀ tí wọ́n ti pò sínú ike ní kẹ́míìsì ló dáa. Ẹ lè fẹ́ po ti ilé, àmọ́ iyọ̀ ìdáná wa ní áyódíìnì nínú, ó lè máa ta egbò. Yíyí yẹtí láràárọ̀ tí wọ́n kọ́ Ìyá Ìbejì, a ò sọ bẹ́ẹ̀ fún èèyàn mọ́, ṣe ni ó ń tú egbò tó fẹ́ mú. Ìsàlẹ̀ etí máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó jinná. Òkè lè gba oṣù 6, ó lè pé ọdún kan.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìbọn tí àwọn kan fi ń lu etí. Èyí tó jẹ́ oníke ò ṣeé gbé sínú ìkòkò tí a fi ń pa kòkòrò lára irinṣẹ́, yíyọ́ ni yóò yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè fọ́ eegun etí. Abẹ́rẹ́ tuntun tí wọ́n já lójú yín, tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sọ nù, òun ni kí ẹ béèrè. Wọ́n ti ń pè mí.

Ìyá Peckham

Ọmọ mi, ọmọ ọdún 14, lu tirẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ó fi irun bò ó. Ìsàlẹ̀ etí ni o! Ó fún yẹtí náà mọ́ra jù, etí wú, awọ bá gbé ẹ̀yìn yẹtí mì. Mo ń wá ẹ̀yìn yẹtí, mi ò rí i, mo fọwọ́ kàn án, inú ẹran ló wà. Mo pe 111, nọ́ńbà tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ ìlera ní Ìlú Ọba níbí, wọ́n ní ká máa bọ̀. Wọ́n pa etí náà lára kú, wọ́n là á díẹ̀, wọ́n yọ ọ́. Ó ní, "Mummy, ẹ má sọ fún Grandma." Mo ti sọ fún Grandma.

Oníyẹtí Balógun

Àwa tí a ń tà á náà mọ nǹkan kan. Yẹtí "wúrà" tí ẹ ń rà ní méjì-méjì lọ́wọ́ wa, ojú rẹ̀ nìkan ló pọ́n. Níkẹ́ẹ̀lì ló sábà máa ń wà lábẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, etí á máa yún un, á máa ṣomi, á rò pé ihò náà ni kò jinná. Fún ihò tuntun, ẹ wá wúrà gidi tàbí títéníọ́ọ̀mù. Èmi ò tà á, owó rẹ̀ wọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ kú àdúrótì. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ọjọ́ méjì, kò fèsì. Nígbà tó máa fèsì, fọ́tò ló fi ránṣẹ́: apá òsì màmá wa, níbi tí wọ́n ti gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní kékeré. Àpá ibẹ̀ yọ gọńgọ bí ẹ̀pà, ó ń dán. Gbogbo wa nílé ti ń rí i láti ìgbà tí a ti dáyé, a rò pé bó ṣe máa ń rí lára gbogbo èèyàn nìyẹn. Abẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èyí tí bọ̀dá àgùnbánirọ̀ ń sọ nìyí?"

Màmá ti gbé agolo abẹ́rẹ́ wọn kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n gbé e sínú àpótí, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọmọ ṣì ń fẹ́ yẹtí kejì o. Oníyẹtí Balógun, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní èyí tí wọ́n kàn ń fi há etí, tí kò nílò ihò?

Oníyẹtí Balógun

Ó kù mẹ́ta. Àwọ̀ wo ló fẹ́?