Mo fẹ́ sin ẹja sínú gíláàsì ńlá nílé

ỌmọKábà: Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ gbé gíláàsì ẹja lítà 300 sí pálọ̀, mi ò sìn ín rí, omi bọ̀rhóòlù la ní, iná Kábà náà ẹ sáà mọ̀ ọ́n. Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe?

Ará Mọ́pà: Wo ibi tó máa jókòó sí ná. Lítà omi kan, kílò kan ni, kílò 300 nìyẹn láìtíì ka gíláàsì àti òkúta, tábìlì tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé e.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀gbẹ̀: Má tíì ra ẹja rárá! Jẹ́ kí fíltà máa ṣiṣẹ́ bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú ẹ̀, kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ammonia á gbilẹ̀ níbẹ̀, torí ìdọ̀tí ẹja ló ń di ammonia, òun ló ń pa wọ́n. Ra test kit, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń yẹ omi wò, ìgbà tí ammonia àti nitrite (ohun tí àwọn kòkòrò yẹn ń sọ ammonia dà, òun náà ń pa ẹja) bá di òdo ni kó o ra ẹja, díẹ̀díẹ̀ o.

Ará Mọ́pà: Ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì náà, torí ìgbà tí iná bá lọ.

ỌmọKábà: Ẹ ṣé mà. Ṣé goldfish àti tìlápíà lè jọ gbé?

Ìyá Ìbejì Ẹ̀gbẹ̀: Háà, tìlápíà á já ìrù wọn jẹ!