Orúkọ wo ló yẹ rẹsisitáńsì àti iná kéékèèké inú àwòṣe ojú irin?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa ní Kétu gbé kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Sábẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń ṣe àwòṣe ibùdó ọkọ̀ ojú irin ìlú wọn pẹ̀lú títì iwájú rẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ kí iná máa tàn níbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n dábàá: adínà-iná fún rẹsisitáńsì (ẹ̀yà kékeré tí a ń so mọ́ wáyà iná), àtùpà fún gbogbo ohun tó ń tàn lójú títì, iná aṣẹ́jú fún iná tí kì í dúró sójú kan, àti ìṣeré ojú irin fún iṣẹ́ náà lápapọ̀.

Èyí tó kẹ́yìn kò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn fi ìwọ̀n ṣe, tí mítà 87 lójú ayé fi di mítà kan lórí tábìlì, àwòṣe ni, kì í ṣe ìṣeré. Ojú irin tó ti Kútọnù dé Sábẹ̀ẹ́ ní 1911, tó sì dé Párákú ní 1936, mítà kan ni fífẹ̀ rẹ̀. Mìlímítà 12 ni wọ́n sábà máa ń lò fún un nínú àwòṣe bẹ́ẹ̀.

Rẹsisitáńsì ló gba ìrònú. Ara rẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì lọ, wáyà yọ lórí àti nídìí rẹ̀, òrùka aláràbarà sì yí i ká. Èyí tí òrùka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ kọfí, dúdú àti pupa, óòmù 1000 ni; óòmù ni a fi ń wọn bí rẹsisitáńsì ṣe ń dín ìṣàn iná kù tó. Iná LED funfun, ìyẹn iná kékeré tí a ń lò nínú àwòṣe, kò gbà ju nǹkan bíi fólútì 3 lọ, bẹ́ẹ̀ bí iná tí a fà wá bá jẹ́ fólútì 12, rẹsisitáńsì ni yóò gba 9 tó kù sára, ìṣàn iná yóò sì di mílíáńpíà 9. Bí a bá fi ti óòmù 4700 rọ́pò rẹ̀, ìṣàn náà yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 2, iná náà yóò sì rọlẹ̀ bó ṣe yẹ iná ojú títì, nítorí iná tó mọ́lẹ̀ jù ń ba àwòṣe jẹ́. Ǹjẹ́ ohun tó ń ṣe báyìí dínà? Ohun tó bá dínà kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá rárá, súwíṣì ló sì ń ṣe ìyẹn. Ìṣàn ni rẹsisitáńsì ń dín kù, nítorí náà adínṣànkù ni mo fara mọ́. Ẹnìkan ti dábàá adínákù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ló ń kọ Yorùbá lórí fóònù láìfi àmì sí i, èyí yóò sì dàrú mọ́ adínà lójú ẹni tó ń kà á.

Ní ti àtùpà, òpó iná tó ga ní mítà 6 yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 nínú àwòṣe. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ni. Àtùpà, ọwọ́ la fi ń gbé e, ẹnu la sì fi ń fẹ́ ẹ pa. Àwọn ọ̀dọ́ náà fẹ́ gbé àtùpà ka iwájú àwọn ìyá alákàrà, LED tí kò gùn ju mìlímítà 1.6 lọ ni wọn yóò sì fi ṣe é. Bí a bá pe méjèèjì ní àtùpà, báwo ni ẹni tó ń ka ìlànà yóò ṣe mọ èyí tí a ní kó so mọ́ òpó?

Aṣẹ́jú dára fún iná ìkìlọ̀ níbi tí títì ti gba orí irin kọjá, torí pé ó ń tàn, ó sì ń kú. Iná orí òwú àtùpà kò rí bẹ́ẹ̀: bí atẹ́gùn bá kàn án, ó ń mì, ó ń rẹlẹ̀, ó tún ń gbéra. Iná amì ni mo dábàá. Bí ará Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ kan bá mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń lò fún un, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ wá kí a tó fi ìlànà náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ náà.