Ṣé wọ́n máa ka iṣẹ́ wolé-wolé tí mo ṣe nílé sí?

Ẹ̀yin ará mi tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Wolé-wolé ni mí nílé, ní Nàìjíríà. Láti ìgbà òfin ọdún 2002, a kò gbọdọ̀ ṣe é láìní ìwé àṣẹ. Ní Manchester níbí, àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá ni mò ń ràn lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ní kí n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UKPHR, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera aráàlú sílẹ̀ níbí. Kì í ṣe dandan, ẹ̀rí iṣẹ́ tá a ti ṣe la ó kó jọ fún wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wọ ojúlé dé ojúlé n'Íbàdàn, títí kan ìgbà onígbáméjì. Ṣé wọ́n á kà á sí ṣá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, báwo lẹ ṣe kọ tiyín?