Ìbéèrè: Ṣé gàárì orí igi bá ọdẹ tó ń ta ọfà mu?

Ọmọ Ọdẹ Ọbáńtokò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí owó tó jáde lápò mi.

Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, lápá Ọbáńtokò. Ìbọn ṣakabùlà ni bàbá mi fi dẹ igbó títí tó fi dàgbà, ṣùgbọ́n èmi ti gbé ìbọn tì láti ọdún mẹ́ta. Bí nǹkan ṣe dà nínú igbó báyìí, bí ìbọn bá dún lẹ́ẹ̀kan, àwọn àgbẹ̀ á ti sá kúrò lóko, àwọn fijilanté á sì máa wá ẹni tó yìn ín kiri. Ọrun kì í pariwo. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló fún mi ní ọ̀kan: onígi ni, ó gùn tó 66 ínṣì, kò ní rọ́lù bíi ti ọrun ìgbàlódé, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀ tí ojú ń gbà wò. Ojú àti ọwọ́ ni mo fi ń ta á. Mo ti pa ọ̀yà mẹ́ta àti ẹtu kan. Ẹ má bi mí bí mo ṣe pa ẹtu yẹn, oríire ni.

Igi ìyeyè kan wà létí oko ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ́nà Ọdẹdá. Bí èso rẹ̀ bá ti ń jábọ́, ẹtu kì í wọ́n lábẹ́ rẹ̀. Mo ti lúgọ dè wọ́n nílẹ̀ títí ó fi sú mi, wọ́n á kàn gbóòórùn mi ni, ó parí. Ni mo bá so ẹ̀gùn sórí igi tó kọjú sí i, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é. Ọ̀kan nínú igi tí mo fi tẹ́ ẹ ṣẹ́ nídàájí ọjọ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ ni mo fi balẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò lè gbé apá òsì dé etí.

Àbúrò mi ní kí n yéé tẹ́ igi, pé òun á ra ohun tí wọ́n ń pè ní tree saddle ránṣẹ́. Gàárì orí igi ni kí á máa pè é. Kì í ṣe pẹpẹ, kì í sì í ṣe àga. Bẹ́líìtì tó fẹ̀ ni, ó gba abẹ́ ìdí àti itan, okùn so ó mọ́ igi. Èèyàn á dojú kọ igi, á fì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á tẹ pẹpẹ kékeré kan tí kò ju tíréè lọ. Ó máa ná an tó 300 dọ́là.

Ẹni tó bá ti lò ó, pàápàá ẹni tó ń ta ọrun gígùn bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dára níbẹ̀, kí ni kò dára?

Tèmi Yé Mi

Mo ka gàárì, mo rò pé gàrí ni. Mo ti bomi sí kọ́ọ̀bù.

Ọmọ Ọdẹ Ọbáńtokò

À ń di gàárì, ewúrẹ́ ń yọjú. Ẹrù ìran rẹ̀ ni? 😂

Bọ̀dá Ọlọ́fà

Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ti ìṣubú yẹn o. Georgia ni mo wà, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń lo gàárì. Ṣáájú rẹ̀, àga irin tó ń gun igi ni mò ń gbé kiri. Mo máa sọ bó ṣe rí lára mi.

Ìwọ̀n lẹ máa kọ́kọ́ mọ̀. Gàárì, okùn, ìkọ́ irin àti pẹpẹ ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò pé kìlò márùn-ún fún tèmi. Àga tí mò ń gbé tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ó sì máa ń dún kànràn-kànràn nínú igbó bí agogo. Àga yẹn tún fẹ́ igi tó gún régé, tí kò lẹ́ka. Igi wíwọ́ kì í ṣe ìṣòro fún gàárì, ẹ kàn máa yí okùn po lókè ẹ̀ka ni.

Láti ilẹ̀ ni okùn ti máa wà lára yín. Bí ẹ ṣe ń gòkè, okùn kan yí igi po, ó so mọ́ ìbàdí yín lọ́tùn-ún lósì. Bí ẹ bá débi tí ẹ fẹ́, ẹ so okùn òkè kí ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀. Kókó tí wọ́n ń pè ní Prusik ló wà lórí okùn òkè: bí ẹ bá fọwọ́ tì í, á yọ̀ lọ, bí ara yín bá fà á, á dì. Igi tí ẹ tẹ́ ṣẹ́ lẹ ṣe balẹ̀. Ká ní pẹpẹ ẹsẹ̀ gàárì ló já, ẹ ò bá kàn rọ̀ síbẹ̀ ni.

Ìkẹta, igi fúnra rẹ̀ máa bò yín. Ẹran ń bọ̀ lápá ọ̀tún, ẹ fì sí òsì, igi wà láàárín yín. Mi ò rí irú rẹ̀ lórí àga.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọrun yín. 66 ínṣì gùn jù, mi ò ní tàn yín. Okùn òkè wà níwájú ojú yín, igi wà níwájú àyà, orúnkún méjèèjì wà nísàlẹ̀. Ibo ni ẹ fẹ́ kí apá ọrun méjèèjì gbà? Ọdún àkọ́kọ́, mo fa ọrun tán, mo tú ọfà, apá ìsàlẹ̀ gbá pẹpẹ ẹsẹ̀. Ọfà ò ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ. Ẹran náà dúró, ó ń wò mí. Ọrun recurve, èyí tí etí rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ síwájú, ti 58 ínṣì ni mò ń lò báyìí. Bí ẹ ò bá lè pààrọ̀ tiyín, ẹ kọ́ bí ẹ ṣe máa da ọrun dẹ̀gbẹ́ dáadáa kí ẹ tó fà á.

Ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, apá òsì igi ni tirẹ̀. Bí ẹran bá gba ọ̀tún wá, ó di kí ẹ yí gbogbo ara po, tàbí kí ẹ ti ọrun gba abẹ́ okùn kọjá sódì kejì. Ẹtu ò ní dúró dè yín. Nítorí náà, kí ẹ tó so okùn, ẹ wo ibi tí ìyeyè wà, kí ẹ sì so ó kí ìyeyè lè wà lápá òsì yín.

Ẹ má gòkè jù o. Àwọn tó ń lo ọrun onírọ́lù ń gun 20 ẹsẹ̀ bàtà. Fún àwa tí ọwọ́ wa ò dá wa lójú ju ìgbésẹ̀ 15 lọ, 10 sí 12 ẹsẹ̀ bàtà ti tó. Bí ẹ bá ga jù tí ẹran wá sábẹ́ yín gan-an, ọfà á gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo ló máa bá, ẹran á sì sá lọ kú síbi tí ẹ ò ní rí i. Ìbàdí ni kí ẹ ti tẹ̀ bí ẹ bá ń ta sísàlẹ̀. Bí ẹ bá kàn rẹ apá sílẹ̀, ọfà á gba òkè ẹran kọjá.

Ọkọ Rísì

300 dọ́là kẹ̀! Ẹ lọ sí Láfẹ́nwá, ẹ ra okùn, ẹ gbé bẹ́líìtì ọkọ̀ àlòkù fún télọ̀ kó rán an pọ̀.

Bọ̀dá Ọlọ́fà

Ọkọ Rísì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ọmọ ọlọ́mọ. Okùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń so ẹrù mọ́ ọkọ̀, bí kókó bá ń họ ọ́, ó máa ń gbóná, á sì yọ́. Ìkọ́ irin tèmi, wọ́n kọ ìwọ̀n agbára tó lè gbà sí i lára. Ṣé wọ́n kọ ọ́ sára èyí tí wọ́n fi ń kó kọ́kọ́rọ́?

Ẹlẹ́mu Òṣíẹ̀lẹ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ẹ̀rín ń pa mí. Ohun tí Òyìnbó ń tà ní 300 dọ́là yìí, igbà ni! Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Igbà á gbé mi lẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ ara igi, màá fì sẹ́yìn, ọwọ́ mi méjèèjì á ṣófo, màá fi dá ẹmu. Ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń ṣe?

Àmọ́ igbà tèmi ò ní kókó tó ń dì, ìyẹn ni mo gbà fún wọn. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ lára ọ̀pẹ nígbà òjò, tèmi ń bọ̀ nílẹ̀ ni.

Ọmọ Ọdẹ, gbígbẹ́kẹ̀ lé okùn ló máa kọ́kọ́ le fún ẹ, kì í ṣe ọfà. Ara kì í fẹ́ fì sẹ́yìn sínú òfo. Wàá máa fọwọ́ di igi mú, ọwọ́ tó sì di igi mú ò lè fa ọrun. So ó mọ́ igi kan nílé, kó má ga ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, jókòó sínú rẹ̀ lálaalẹ́ títí ara á fi gbàgbé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, fọwọ́ wọ́ gbogbo okùn látòkè délẹ̀ kó o tó gùn ún. Ibi tí ọwọ́ bá ti rí họ́wọhọ̀wọ, gé e sọnù. Má sì so ó mọ́ ọ̀pẹ o. Kùkùté imọ̀ ara rẹ̀ máa ń gé okùn.

Bàbá Ọdẹ Aláàbàtà

Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Mo ti lé ní 40 ọdún nínú igbó, n ò mọ gàárì, ṣùgbọ́n mo mọ igi. Kò sí igi tí kò ní onílé. Mo gun ẹ̀gùn kan rí lálẹ́, n ò mọ̀ pé tanpẹ́pẹ́ ló nigi. Ìgbà tí wọ́n dé abẹ́ ṣòkòtò, fífò ni mo fò bọ́ sílẹ̀, mo sì sáré. Ìwọ tí o so ara rẹ mọ́ igi pẹ̀lú okùn àti ìkọ́, báwo lo ṣe máa ṣe é? Tó bá wá jẹ́ oyin ńkọ́? Ọ̀sán gangan ni kí o lọ wo igi náà. Kan ara rẹ̀ gbàgbàgbà, kí o dúró, kí o wò ó.

Ní ti ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tú ẹ fó fún ẹtu, ibùba ò lẹ́ṣẹ̀. Da eérú díẹ̀ látọwọ́, wo ibi tó gbà, kí o jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ wá bá ẹ látọ̀dọ̀ ẹran. N ò ní kí o má gungi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ afẹ́fẹ́ nílẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́n lókè.

Má sì gbé e wọ igbó ìjọba ní Arákàngá o.

Nọ́ọ̀sì Ìdí-Àbà

Ẹ gbà mí láàyè díẹ̀. Bí ènìyàn bá so rọ̀ nínú okùn láìmira, ẹ̀jẹ̀ á jókòó sí ẹsẹ̀, kò ní padà sókè bó ṣe yẹ. Òòyì á kọ́ ọ, ó lè dákú, ó sì lè gbabẹ̀ kú. Kò dìgbà tó bá fara pa. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín rọ̀ lásán. Ẹ so okùn olójú kan mọ́ra tí ẹ lè ti ẹsẹ̀ bọ̀ kí ẹ fi nàró bí pẹpẹ ẹsẹ̀ bá já. Fóònù, àpò àyà ni kó wà, kì í ṣe inú báàgì tí ẹ gbé kọ́ sára ẹ̀ka. Kí ẹnì kan nílé sì mọ igi tí ẹ wà.

Ìyá Ẹlẹ́ran

Bí ẹ bá pa á, ẹ má gbà á kọjá Kútọ̀ o. Mo ń dúró.

Ọmọ Ọdẹ Ọbáńtokò

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé. Àbúrò mi fi gàárì náà rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, mo sì lọ bá Ẹlẹ́mu Òṣíẹ̀lẹ̀ lóko. Ó fi igbà gbé mi gun ọ̀pẹ. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀.

Mo so gàárì mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ẹsẹ̀ bàtà méjì sílẹ̀. Mo rọ fóòmù sínú àpò sìmẹ́ńtì, mo gbé e sí ìgbésẹ̀ 12. Ọfà àkọ́kọ́: apá ìsàlẹ̀ ọrun gbá mi lórúnkún, kò! Ọfà fò lọ há sára pákó ilé adìyẹ aládùúgbò. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo da ọrun dẹ̀gbẹ́, tí mo sì yí ìbàdí sí òsì kí n tó fa ọsán, márùn-ún nínú mẹ́fà wọ àpò. Lápá ọ̀tún, ẹ má jẹ́ n sọ ọ́. Ẹyọ kan ò wọlé.

Bẹ́líìtì náà ń fún mi ní ìbàdí. Lẹ́yìn wákàtí kan, itan mi á ti kú tipiri. Àbúrò mi ní àṣìṣe mi ni, pé mo so okùn ga jù. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ó sàn.

Mo ti lọ kan igi tó kọjú sí ìyeyè náà bí Bàbá ṣe wí. Tanpẹ́pẹ́ tú jáde bí ọjà Ìtòkú. Igi kejì ni mo máa lò, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí ìyeyè máa wà lápá òsì mi. Mo ti ní kí àbúrò mi máa wá ọrun kúkúrú fún mi. Títí yóò fi dé, ilẹ̀ ni màá fi ọrun gígùn yìí dẹ, pẹ̀lú eérú lọ́wọ́.

Tèmi Yé Mi

Gàárì náà ńkọ́ báyìí?

Ọmọ Ọdẹ Ọbáńtokò

Ó ṣì wà lára máńgòrò. Ìyàwó mi ti sá aṣọ sórí okùn rẹ̀.