"Kedere fẹ́lẹ́" lèmi mú o, ìjìnlẹ̀ pápá ò lè wọnú fótò òdòdó

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lórí ìbéèrè àbúrò wa tó wà ní Kàbà, pé kí la lè máa pe fótò òdòdó tí wọ́n súnmọ́ yà, tó jẹ́ pé ibi bíńtín ló mọ́ nínú ẹ̀ tí gbogbo ìyókù wá rí bàìbàì, tẹ́ni tó yà á sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan ní "ìjìnlẹ̀ pápá", ìyẹn "depth of field" tí wọ́n tú ní tààrà, bàbá wa láti Ìsánlú ní "ìdojúkọ àìjìn", ìyẹn "shallow focus", ẹlòmíì ní ká ṣáà fi í sílẹ̀ ní blọ́ọ̀, ṣebí ohun táwọn kọ́sítọ́mà ń sọ nìyẹn, "ẹ bá mi blọ́ọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀". Èmi tó jẹ́ kámẹ́rà ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ n dá sí i.

Ìjìnlẹ̀ pápá ò ṣeé mú délé. Ẹ sọ ọ́ fún àgbẹ̀ kan ní Yàgbà kẹ́ ẹ wò ó, á ní ṣé ilẹ̀ tóun fẹ́ kọ ebè sí lẹ̀ ń bá òun wọ̀n ni. Ti bàbá wa sàn jùyẹn lọ, àmọ́ bàbá, ẹ má bínú sọ́mọ yín o, kànga ló ń jìn, odò ló ń jìn, kò sóhun tó jìn nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí: tí lẹ́ǹsì bá ti dúró síbì kan, ó dà bíi pé abala bébà kan wà lójú afẹ́fẹ́ níwájú ẹ̀ tójú wa ò rí, ohunkóhun tó bá bọ́ sórí bébà yẹn ló máa mọ́ kedere, ohun tó wà níwájú bébà àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á máa ṣá lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí wọ́n á fi di àwọ̀ lásán. Bí bébà yẹn ṣe nípọn tó là ń wá ọ̀rọ̀ fún. Ohun pẹlẹbẹ tí ò bá sì nípọn, fẹ́lẹ́ ni Yorùbá ń pè é. Ẹni tó dábàá "tínrín" súnmọ́ ọn gan-an, ṣùgbọ́n okùn ló ń tínrín, bébà àti aṣọ ló ń fẹ́lẹ́. Torí náà, kedere fẹ́lẹ́, òdìkejì ẹ̀ a sì jẹ́ kedere tó nípọn.

Mo mọ ẹni tó máa dìde pé kedere kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ. Pùpùpù náà ńkọ́? Ọ̀kadà tẹ́ ẹ̀ ń gùn lọ sọ́jà, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń pè é ní alùpùpù nínú ìwé.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń fẹ́lẹ́ tó. Tẹ́ ẹ bá fi lẹ́ǹsì màkírò, èyí tí wọ́n ṣe fún yíya ohun kékeré látòsí, súnmọ́ òdòdó débi tí àwòrán ẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, á fi tóbi bí òdòdó fúnra ẹ̀ ṣe tóbi, lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 36 sí 24, tẹ́ ẹ wá ṣí ojú lẹ́ǹsì dé f/2.8 (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó lojú lẹ́ǹsì ń fẹ̀ tó), ibi tó máa mọ́ ò tó ìdajì mìlímítà kan. Ẹ pa á dé f/16, kò ju bíi mìlímítà 2 náà lọ. Atẹ́gùn tí ò lè mi ewé kan ti tó láti ba iṣẹ́ yẹn jẹ́.

Ibi tí adùn wà nìyí o. Ẹ mú kajú tó kún ọ̀dọ̀ wa, òdòdó ẹ̀ máa ń funfun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, á wá máa pọ́n bó ṣe ń dàgbà, méjèèjì sì máa ń wà lórí ẹ̀ka kan náà. Ẹ gbé kedere lé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, àwọn tó ti pọ́n á di àwọ̀ pupa lásán lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ yí i, ẹ gbé e lé èyí tó ti gbó, fótò míì nìyẹn, ẹ ò sì kúrò lójú kan. Tàbí òdòdó igi irú tó ń rọ̀ dirodiro yẹn, fọ́nrán wínníwínní tó wà níwájú nìkan lẹ máa mú, ẹ jẹ́ kí gbogbo ara ẹ̀ tó kù lọ. Ti ilá ló mú mi lórí jù. Tẹ́ ẹ bá yí kámẹ́rà títí tí ojú ẹ̀ fi gún régé pẹ̀lú pẹ́táàlì kan, ìyẹn ewé aláwọ̀ ara òdòdó, gbogbo pẹ́táàlì yẹn lè mọ́ látòkè délẹ̀ nígbà tí àárín òdòdó náà ti di bàìbàì, torí pé bébà yẹn fẹ́lẹ́ lóòótọ́ àmọ́ ó fẹ̀. Ẹ fi "àìjìn" ṣàlàyé ìyẹn fún mi kí n gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan ní bàìbàì ò dáa, pé ojú tó ń ṣàìsàn ló ń ríran bàìbàì. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ará Jàpáàn tí gbogbo ayé gba "bokeh", ìyẹn bàìbàì inú fótò, lọ́wọ́ wọn, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ arúgbó tí ọpọlọ ẹ̀ ti ń rá, wọn ò tìtorí ẹ̀ jù ú nù. Kódà h tó wà nídìí ẹ̀ yẹn, Mike Johnston tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Photo Techniques l'Amẹ́ríkà ló fi í síbẹ̀ ní 1997, káwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì má bàa gé e kúrú lẹ́nu. Bàìbàì tiwa ò tiẹ̀ nílò àtúnṣe kankan.

Ti fóònù ńkọ́? Bàìbàì tí fóònù ń ṣe fúnra ẹ̀ yẹn, kò sí bébà kankan níbẹ̀, ó kàn ń ṣírò ibi tó jẹ́ iwájú àti ibi tó jẹ́ ẹ̀yìn ni, á wá fi nǹkan pa ẹ̀yìn rẹ́, ìgbà míì á pa ìdajì fọ́nrán òdòdó rẹ́ mọ́ ọn. Èmi ò ní pe ìyẹn ní kedere fẹ́lẹ́ láéláé. Bàìbàì àtọwọ́dá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ẹni tó máa bi mí pé ta ló dá lẹ́ǹsì.

Ọ̀kan ló kù tí mo ń wá orúkọ fún: tí wọ́n bá fi ewé kan há iwájú lẹ́ǹsì gan-an, tó wá di nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó bo òdòdó díẹ̀, téèyàn ṣì ń rí òdòdó gba inú ẹ̀. "Ìbòjú" wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ ìyàwó ló ni ìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ súnmọ́ Bùnú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa bi àwọn ìyá tó ń hun aṣọ bóyá wọ́n ní orúkọ fún aṣọ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá.