Báwo lẹ ṣe ń kọ́ ọmọ láti so kókó ìtàn àròsọ mọ́ ohun tó ń lọ ládùúgbò?

Tíṣà_Ìbarà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, ìwé D. O. Fágúnwà, la ń kà ní SS2 ní Abẹ́òkúta níbí. Àwọn ọmọ lè sọ ìtàn náà látòkè délẹ̀: wọ́n mọ Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, wọ́n mọ Kàkò, ọ̀kan lára àwọn akọni tó bá a rìn, wọ́n mọ ìrìn Òkè Láńgbòdó. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá ti di "so kókó kan nínú ìwé yìí mọ́ ìgbésí ayé ojoojúmọ́", gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn ń kọ wá: "Ìtàn yìí kọ́ wa pé ká máa gbọ́ràn, ká sì ní sùúrù." Ọmọ 35, ẹ̀dà ìwé 6, píríọ́dù oníṣẹ́jú 40. Ìlànà tí mo lè mú wọ kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú. Ẹ ṣeun.

Alákọtọ́ dáhùn:

Ẹ kú làálàá, Tíṣà. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹ̀kọ́ ìwà ni àwọn ọmọ ń pè ní kókó ìtàn. "Sùúrù" kì í ṣe kókó, orúkọ ìwà ni. Kókó ìtàn gbọ́dọ̀ jẹ́ gbólóhùn tí èèyàn lè bá jiyàn. Bí wọ́n bá lè kọ ọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Láfẹ́nwá dé Kútọ̀ tí ẹnì kan ò ní í ta kò ó, kò tíì di kókó.

Ẹ má fi odindi ìwé bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí kò ju ojú ìwé kan sí méjì lọ ti tó. Ẹ mú ibi tí Kàkò Oníkùmọ̀ Ẹkùn ti fẹ́ bá Àkàrà-Ògùn lọ, tí obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò ní í lọ, tó pa obìnrin náà, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ inú ìwé dáhùn: Kí ni Kàkò ń wá? Kí ló dí i lọ́nà? Ta ló san owó ohun tó ń wá?

Ìbéèrè kẹta yẹn niṣẹ́ wà. Ọmọ tó bá dúró síbi ìkínní á kọ "ìgboyà". Èyí tó bá dúró síbi ìkejì á kọ "ìwà ipá ò dáa". Ìkẹta ló máa jẹ́ kó rí i pé Kàkò ló gba orúkọ akọni, obìnrin ló fi ẹ̀mí san án, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n jọ lọ ò tìtorí ẹ̀ dá a padà. Ìgbà yẹn la tó ní gbólóhùn tó ṣeé bá jà: *ògo ẹni tó rìnrìn àjò, ẹni tó kù nílé ló sábà máa ń san owó rẹ̀.*

Ẹ wá jáde sí àdúgbò. Ẹ má wá ibi tí ọkọ ti pa aya o. Ìyẹn kàn jọ ọ́ lójú ni. Ẹ wá ibi tí nǹkan mẹ́ta yìí ti pé: ẹni tí wọ́n ń yìn, ohun tó gbé ìyìn wá, àti ẹni tó ń san án tí wọn ò dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó jápa, tó fi owó ilé àti owó iléèwé ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún ìyàwó, wà níbẹ̀. Bàbá tó ń náwó fún oyè ẹgbẹ́ nígbà tí ìyá ń ra gààrí láwìn wà níbẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ tó fi òru rán aṣọ ẹbí tó jẹ́ pé orúkọ ọ̀gá nìkan ló wà lára pátákó, òun náà wà níbẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ tíṣà máa ń gbàgbé ni èyí: kí ọmọ kọ ibi tí àfiwé náà ò ti bára mu. Obìnrin Kàkò kọ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ló bá a lọ. Ìyàwó ẹni tó jápa lè pè é lórí fóònù, ó lè kọ̀, ó sì lè bá a lọ. Ìlà kan bẹ́ẹ̀ ló ń ya ọmọ tó ronú sọ́tọ̀ lára ẹni tó há a sórí.

Aláró_Ìtòkú dáhùn:

Mo gbà pẹ̀lú Alákọtọ́, àmọ́ apá àdúgbò yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ti máa ń purọ́. Wọ́n á kọ ọ́ pé "ní ọjà, àwọn èèyàn máa ń tan ara wọn jẹ", ó tán. Ọjà wo? Kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe tan ẹni tó rà á?

Ká ní kókó tí wọ́n mú ni pé ohun tí ojú rí lè má jẹ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ìwé yẹn kún fún un: bàbá Àkàrà-Ògùn yìnbọn lu ẹran, ó wá jẹ́ pé ìyàwó tirẹ̀ ni. Ẹ wá fi aṣọ méjì lé wọn lọ́wọ́, àdìrẹ oníko gidi àti èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde bí àdìrẹ. Lórí àtẹ, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n yí i sẹ́yìn. Àdìrẹ oníko, inú aró ni wọ́n ti rì í pẹ̀lú ìko tí wọ́n fi dì í, aró á ti wọ̀ ọ́ tojú tẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń ṣá ju ojú lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n fi ìka tọ àwọn òrùka ara aṣọ náà. Ti ọwọ́, kò sí òrùka méjì tó dọ́gba, torí kò sí ìdì méjì tó le bákan náà. Ti ẹ̀rọ, àbùkù kan náà ló máa ń padà wá: òrùka tó ya lẹ́nu níhìn-ín, ẹ wo iwájú díẹ̀, òun náà nìyẹn tó tún ya síbi kan náà.

Ọmọ tó bá rí ìyẹn ò ní í kọ "àwọn èèyàn ń tan ara wọn jẹ" mọ́. Á kọ ọ́ pé èyí tí kò dọ́gba ni òótọ́, èyí tó gún régé jù ni ayédèrú. Kó wá padà sínú ìwé: ta ló yí aṣọ sẹ́yìn níbẹ̀? Àmì wo ló wà níwájú bàbá Àkàrà-Ògùn kó tó yìnbọn, ṣé ó sì rí i? Bí ó bá fi ọjà ka ìwé tí kò fi ìwé ka ọjà padà, iṣẹ́ náà ṣì kù ìdajì.

Ọmọ_Aké dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn ọmọ díẹ̀. Fágúnwà kì í fi ẹ̀kọ́ pamọ́. Ní ilé Ìrágbèje, àgbà ọlọ́gbọ́n inú ìwé náà, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó gba ìmọ̀ràn! Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀kọ́ lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ sì dà á kọ. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Ohun tó dáa jù, sí mi o, ni kẹ́ ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé. Lápá òsì, kí wọ́n kọ ohun tí òǹkọ̀wé *sọ* pé ó dáa. Lápá ọ̀tún, ohun tí ìtàn náà *ṣe* fún ẹni tó hu ìwà yẹn àti ẹni tí kò hù ú. Ibi tí apá méjèèjì bá ti ta ko ara wọn ni kókó wà. Ọ̀rọ̀ Kàkò tí Alákọtọ́ mú wá, irú ibẹ̀ ni.

Bí ìbéèrè "ta ló san án" bá sì ṣòro fún wọn, ìlú wa ní àpẹẹrẹ tí kò fara sin. Nígbà tó fi máa di ọdún 1947, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó orí, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó wọn jáde, ọ̀rọ̀ náà ò sì rọlẹ̀ títí Alákè Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949. (Ó padà lọ́dún 1950, kí wọ́n kọ ìyẹn náà, kí ìtàn má di àlọ́.) Àwọn tó ń san án níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Obìnrin Kàkò ò rẹ́ni bá a sọ ọ́. Ìlà "ibi tí kò ti bára mu" nìyẹn, ẹ ò sì ní í wá a lọ jìnnà.

Ìkìlọ̀ kan: ọmọ Abẹ́òkúta yìí kan náà, Wọlé Ṣóyínká, ló tú ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Àwọn ọmọ tó gbọ́n á lọ wá àkópọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù, wọ́n á tú u padà sí Yorùbá. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: gbólóhùn á gùn bí ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, orúkọ Àkàrà-Ògùn ò sì ní í ní àmì ohùn kan.

Kíláàsì_Kún dáhùn:

Ẹ̀dà 6, ọmọ 35: ẹgbẹ́ márùn-ún tó ní ọmọ 6, ẹgbẹ́ kan tó ní 5. Ìwé kan fún ẹgbẹ́ kan. Ìṣẹ́jú 8 fún kíkà sókè, 10 fún ìbéèrè mẹ́ta, 7 fún gbólóhùn kókó, 15 tó kù fún kíkọ. Ẹ má jẹ́ kí kíkà gba ìṣẹ́jú 20, torí ibẹ̀ ni píríọ́dù ti ń kú.

Bó bá jẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ yín, àkọtọ́ tó ṣáájú ti 1974 ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ "nwọn", "aiye", "enia" sójú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú bí a ṣe ń kọ wọ́n nísinsìnyí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tó ń kà á ní tààràtà á máa kọsẹ̀, àwọn tó kù á máa rẹ́rìn-ín.

Máàkì 10: 2 fún ìṣẹ̀lẹ̀ tó ní ọ̀rọ̀ inú ìwé, 3 fún gbólóhùn tó ṣeé bá jiyàn, 3 fún ohun àdúgbò tó ní ibi àti iṣẹ́ nínú, 2 fún ibi tí kò ti bára mu. "Ìtàn yìí kọ́ wa pé" ò ní máàkì kankan, ẹ sọ fún wọn ṣáájú.

Kò sì sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fi ilé ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọjà, gáréèjì, ṣọ́ọ̀bù ni kí wọ́n lò, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Torí wọ́n á kà á sókè ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ ilé á sì di ọ̀rọ̀ ìta kí agogo tó lù.

Tíṣà_Ìbarà:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹyọ kan ló kù: ọmọ tó bá ní "iwin ò sí nílé wa, báwo nìyí ṣe kan ìgbésí ayé?", kí la máa sọ fún un?

Alákọtọ́:

Ẹ ní kó yọ iwin kúrò, kó fi "ẹni tó lágbára jù ọ́ tí o ò lè pè lẹ́jọ́" sí ipò rẹ̀, kó tún ìṣẹ̀lẹ̀ náà kà. Ibi tí ẹ̀dá kan ti gun Àkàrà-Ògùn bí ẹṣin máa dúró dáadáa: ẹni tó ń fi ọ̀kadà ọlọ́kadà ṣiṣẹ́, tó ní láti san owó fún ẹni tó ni ín lójoojúmọ́ bó rí èrò bí kò rí, mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n gunni. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bá wó nígbà tí iwin kúrò, kí ọmọ náà fi í sílẹ̀, kó mú òmíràn.